Báwo la ṣe ń mọ ohun tí áàpù àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìgbèríko gbọ́dọ̀ lè ṣe?

OníKóòdù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àjọ kan fẹ́ ká ṣe áàpù fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní àwọn abúlé tó jìnnà sí ìlú. Ẹnì kan sí mẹ́rin ló ń wà nídìí òwò kọ̀ọ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá ó ń lọ, àwọn kan nínú wọn kò sì mọ̀wé kà. Wọ́n ti kó fọ́ọ̀mù oníbéèrè 60 lé wa lọ́wọ́ pé ká lọ bi wọ́n, ká sì fi ìdáhùn wọn kọ ìwé ohun tí áàpù náà gbọ́dọ̀ lè ṣe. Lójú tèmi, fọ́ọ̀mù yìí kò lè gbé wa débì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí dunjú, níbo lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀?

Ìwé-Gbèsè:
Ẹ mú ìbéèrè tó kan irú òwò, iye ènìyàn àti irú fóònù nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ pa ìyókù tì. Bẹ́ ẹ bá bi ẹni tí kò lo áàpù òwò rí pé "kí lẹ fẹ́ kó máa ṣe fún yín?", ohun tó bá rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa sọ, tàbí kó ní kẹ́ ẹ kúkú fún òun lówó. Kò purọ́. Ìbéèrè yẹn ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi í. Ta ló rajà kẹ́yìn? Kí ló rà, ṣé ó sanwó tán? Níbo lẹ kọ ọ́ sí, ṣé a lè rí i? Ta ni gbèsè rẹ̀ pẹ́ jù lọ́rùn, báwo lẹ ṣe mọ iye tó kù? Nígbà tẹ́ ẹ lọ kó ọjà kẹ́yìn, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé ó ti tó lọ kó?

Bí ìwé bá wà nílẹ̀, ìwé yẹn lẹ máa kà ju ẹnu lọ. Ẹ tọrọ àyè, ẹ fi nǹkan bo orúkọ àwọn ènìyàn, kẹ́ ẹ wá ya àwòrán ojú ewé mẹ́ta: ti ọ̀sẹ̀ yìí, ti oṣù tó kọjá, àti ti ìgbà tí ọjà ń tà jù lọ́dún. Ohun tí wọn kò kọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ óò sábà rí i pé wọn kì í kọ ọjà tí wọ́n gbowó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwìn nìkan ni wọ́n ń kọ. Ìyẹn ti sọ fún yín pé áàpù tó bá ń fipá mú wọn kọ gbogbo ọjà tí wọ́n tà kò ní pẹ́ kí wọ́n tó pa á tì.

Ẹ wo ìlà kan: orúkọ, lẹ́yìn náà 4,500 tí wọ́n fa ìlà gba àárín rẹ̀, 3,000 lókè rẹ̀ tí wọ́n tún fa ìlà gbà, 1,200 tí kò ní ìlà, wọ́n wá kọ "ọmọ rẹ̀" sétí ìwé. Ohun mẹ́rin ti jáde níbẹ̀. Gbèsè máa ń di sísan díẹ̀díẹ̀. Iye tó kù ni ojú wọn ń wá, kì í ṣe iye tó jẹ níbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn lè wá gbé ọjà lórúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ̀kẹrin ló le jù: kò sí déètì ìgbà tó san 1,500 àkọ́kọ́, bí ìjà bá sì máa ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá há sétí ìwé ni òpó (kọ́lọ́ọ̀mù) tí ìwé náà kò ní. Ẹ kà á dáadáa.

Ẹ tún wò ó bóyá ẹni kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀ àbí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn oníbàárà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hàn nígbà tí wọ́n bá ṣí áàpù náà.

Atọ́kùn:
Mo gbà pẹ̀lú Ìwé-Gbèsè, àmọ́ ẹni tí kò ní ìwé ńkọ́? Ẹni tó ń fi ọpọlọ rántí gbèsè kò ní ojú ewé tẹ́ ẹ máa yà. Ẹ ní kó ka àwọn tó jẹ ẹ́ lówó fún yín, kẹ́ ẹ sì fetí sí bó ṣe tò wọ́n: ṣé agbolé ló fi ń rántí wọn ni, àbí ọjà tí wọ́n gbé, àbí ọjọ́ tí wọ́n dá? Bó ṣe tò wọ́n yẹn ni áàpù gbọ́dọ̀ tò wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ní kó tún un kà. Iye tó bá yí padà àti orúkọ tó bá já bọ́ ló máa fi hàn yín bóyá ó nílò ìrànlọ́wọ́ yín rárá. Àwọn kan wà tí nǹkan kan kò ní yí padà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn yẹn kò nílò áàpù gbèsè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tì í sí wọn lọ́wọ́.

Ohun kejì ni ìtẹ́wọ́gbà ojú ayé. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Bangalore ní Íńdíà, tó jáde ní 2012. Wọ́n fi nǹkan méjì tí kò yàtọ̀ síra han àwọn ènìyàn. Bí wọ́n bá gbà pé ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ló ṣe ọ̀kan, ìlọ́po 2.5 ni wọ́n fi ń yan ti ẹni yẹn ju èkejì lọ. Nígbà tó jẹ́ àjèjì tó nílò ògbufọ̀ ló ń béèrè, ó di ìlọ́po 5. Kódà nígbà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ti ẹni náà jẹ́ tó hàn gbangba pé kò dára tó èkejì, òun náà ni wọ́n ṣì ń yàn. Nítorí náà, "ó dáa gan-an" tí wọ́n sọ lójú yín, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ohun tí áàpù gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ gbé ọ̀nà méjì lọ, ẹ má sọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ ṣe lórí méjèèjì, kẹ́ ẹ ka àṣìṣe àti àkókò.

Ti ògbufọ̀: ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í kẹ́ ẹ tó jáde. Kó má ṣe gé ọ̀rọ̀ kúrú, kó má dáhùn fún ẹni tẹ́ ẹ bi, kó sì máa sọ "mo" bí ẹni náà bá sọ "mo". Ẹ gba ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá yọ̀ǹda, kẹ́ ẹ fún ẹlòmíràn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀ kó tún un tú, kẹ́ ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ẹ má sì mú ọmọ ẹni tó ń yá àwọn ará abúlé lówó ṣe ògbufọ̀. Ta ló máa sọ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ lójú ọmọ olówó?

OníKóòdù:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ènìyàn mélòó wá ló tó ká bá sọ̀rọ̀? Àjọ náà ń fẹ́ iye kan tí wọ́n máa kọ sínú ètò ìnáwó.

Òǹwòye:
Ẹ fún wọn ní iye, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí iye náà darí yín. Oríṣiríṣi ló ṣe pàtàkì. Ẹ wá ẹni tó ń ta ọjà, ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ bíi aránṣọ tàbí atúnkẹ̀kẹ́ṣe, àti ẹni tó ń ra irè oko tó sì ń tún un tà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ẹni tó ń ta àwìn àti ẹni tí kì í tà á, ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó wà létí títì àti ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ó rí i pé ó máa tó bíi 12 sí 15. Bí ẹni mẹ́ta bá ti tẹ̀ léra tí wọn kò fi ohun tuntun kan kún un, ẹ dúró. Bí ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún bá ṣì ń sọ ohun tẹ́ ẹ kò gbọ́ rí, owó yẹn kò tíì tó nìyẹn.

Àkókò ló máa ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ ju iye lọ. Bẹ́ ẹ bá lọ lásìkò ìkórè, owó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ẹ óò sì rò pé kò sẹ́ni tó ń ra àwìn. Ẹ jókòó láti ìgbà tí wọ́n ṣí ìsọ̀ títí wọ́n fi pa á dé, ó kéré tán ní ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí ọjà dé, àti ọjọ́ tí nǹkan dákẹ́. Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀ lásìkò ọ̀dá owó, ìwé ìgbà náà ni kẹ́ ẹ wò, bí Ìwé-Gbèsè ṣe wí.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó ń dáhùn. Olówò ló máa jókòó dá yín lóhùn, ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀ ló sì ń tajà lẹ́yìn yín. Ẹni tí fóònù máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ tutù tàbí ó ní epo, bóyá oòrùn ń ràn sójú fóònù, àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín oníbàárà kan àti èkejì. Bí àkọsílẹ̀ kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 40, tí ẹni tó kàn sì ti ń na owó sí i láàárín 15, kò ní kọ ọ́ nígbà náà. Alẹ́ ló máa kọ ọ́ látinú ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kí áàpù náà gba kíkọ ọ̀pọ̀ àwìn lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, kó má sì fi déètì òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sí i bí agogo bá ti kọjá méjìlá òru.

Bàbá Dátábéèsì:
Wọ́n ti sọ ti ènìyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ni ìwé ohun-tí-a-nílò ti máa ń ṣófo.

Fún fóònù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá rí, ẹ kọ ẹ̀yà Android rẹ̀, RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), àyè ìpamọ́ tó kù, ibi tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹni mìíràn tó ń lò ó, ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí i, àti iye ọjọ́ tó ń gbà kó tó tún rí iná. Android Go ni ẹ̀yà Android tí wọ́n ṣe fún fóònù tí RAM rẹ̀ kéré. Irú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dán iṣẹ́ wò, kì í ṣe fóònù olówó iyebíye tó wà lápò yín.

Aago fóònù kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí bátìrì bá kú pátápátá tí kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fóònù lè jí pẹ̀lú déètì ọdún tó ti kọjá. Yàtọ̀ sí déètì, ẹ fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà ìtẹ̀léra lórí fóònù náà. Bí fóònù méjì bá ń kọ̀wé láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí kálukú sì ń ka 1, 2, 3, wọ́n máa forí gbárí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé lórí sáfà (kọ̀ǹpútà àárín gbùngbùn tí àkọsílẹ̀ ń lọ). Nítorí náà, ẹ fi UUID kún nọ́mbà ìtẹ̀léra yẹn, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ gígùn tí fóònù méjì kò lè ṣèèṣì fún àkọsílẹ̀ méjì. Ẹ má tọ́jú iye gbèsè tó kù bíi nọ́mbà kan tẹ́ ẹ ń pa rẹ́ tẹ́ ẹ ń tún kọ. Àwìn kọ̀ọ̀kan àti owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé ni kẹ́ ẹ tọ́jú, kẹ́ ẹ máa ṣírò ìyókù látinú wọn. Nígbà náà, bí ìyàwó bá gba 500 lórí fóònù kan tí ọkọ gba 700 lórí èkejì, méjèèjì máa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dàpọ̀. Owó gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́mbà odidi ní ẹyọ tó kéré jù, láìsí ojúàmì ìdámẹ́wàá.

Bẹ́ ẹ bá ń rò ó láti ṣe é lórí bùráúsà, ẹ rántí pé Safari, bùráúsà iPhone, ń pa ohun tí ojúlé wẹ́ẹ̀bù kan tọ́jú rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7 tí wọ́n ti lo Safari láìfọwọ́ kan ojúlé náà, àfi bí wọ́n bá ti fi í sí Home Screen (ojú àkọ́kọ́ fóònù). Fún gbèsè ènìyàn, áàpù gidi tó ní SQLite (dátábéèsì kékeré tó ń gbé inú fóònù) nínú ló fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n máa kọ ohun kọ̀ọ̀kan nìyí:

Nọ́mbà: A-07.
Ta: ẹnikẹ́ni tó bá ń tajà, kì í ṣe olówò nìkan.
Ìgbà: oníbàárà mú apá kan owó gbèsè wá.
Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: wọ́n yan orúkọ, wọ́n tẹ iye, ìyókù hàn gàdàgbà, owó tó ti san tẹ́lẹ̀ kò pa rẹ́.
Òṣùwọ̀n: nínú ẹni 10 tí wọ́n fi hàn fún ìṣẹ́jú 10 péré, 8 ṣe é láìsí ìrànlọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20.
Bí fóònù bá kú lójijì: àkọsílẹ̀ náà wọlé tán tàbí kò wọlé rárá, kò gbọ́dọ̀ wọlé ní ìlàjì.
Ibi tó ti wá: ìwé gbèsè oníṣòwò kẹta, ojú ewé kejì.

Bí òṣùwọ̀n kò bá sí níbẹ̀, "kó rọrùn" àti "kó yára" kàn jẹ́ àdúrà.

Ìdánwò tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fò: fóònù méjì lórí airplane mode (ipò tó ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì) fún ọjọ́ 7, kí wọ́n tó dàpọ̀, pípa fóònù nígbà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, kíkún àyè ìpamọ́ títí kò fi sí àyè mọ́, dídá déètì padà sí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, pípààrọ̀ SIM.

Lẹ́tà70:
Ẹ ò tíì dárúkọ SMS. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi rìsíìtì tàbí ìránnilétí gbèsè ránṣẹ́, lẹ́tà 160 ni SMS kan ń gbà pẹ̀lú àtòjọ lẹ́tà GSM, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí wọ́n ṣètò fún SMS láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú àtòjọ náà bá wọ inú rẹ̀, ìwọ̀n SMS náà yí sí lẹ́tà 70. Lẹ́tà kékeré à, è, é, ì, ò, ù wà níbẹ̀. Á, í, ó, ú, ẹ, ọ, ṣ kò sí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì gùn ju ẹyọ kan lọ, apá kọ̀ọ̀kan di 153 tàbí 67 torí àyè tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀. Rìsíìtì tẹ́ ẹ rò pé SMS kan ni lè di mẹ́ta, ẹnì kan ló sì máa sanwó rẹ̀. Ẹ kọ ẹni náà sínú ìwé. USSD (kóòdù oníràwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù) ní tirẹ̀, lẹ́tà 182 ló pọ̀ jù lójú kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá já láàárín, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọjà-Nílẹ̀:
Gbogbo yín ń sọ gbèsè, gbèsè. Ọjà tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Láìmọ ọjà tó kù, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa mọ èrè.

Ìwé-Gbèsè:
Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe nínú ẹ̀yà àkọ́kọ́. Ẹni tó tú àpò ńlá kan tó ń fi ìwọ̀n kékeré tà á, òkìtì tó ń bu fún oníbàárà kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, áàpù máa ní ó ku 11 nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Bí nọ́mbà ọjà bá ti parọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò ní gba nọ́mbà gbèsè náà gbọ́ mọ́, iṣẹ́ yín gbogbo sì ti bàjẹ́. Iye tó fi kó ọjà wọlé, owó tó kà lálẹ́, àti èyí tó yọ fún ìnáwó ilé: mẹ́ta yẹn tó láti mọ̀ bóyá òwò ń gbè é.

Ọjà-Nílẹ̀:
Fún oníwọ̀n, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó ń ta oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ń kọjá, tàbí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lẹ́yọ lẹ́yọ, ọjà nílẹ̀ ni òwò rẹ̀. Ẹ má fi ìbòjú kan bo gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tí wọ́n lè tàn tàbí pa.

Ìwé-Gbèsè:
Kó wà ní pípa nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbà á, n kò jà mọ́.

Atọ́kùn:
Kẹ́ ẹ tó kọ kóòdù kankan, ẹ gé bébà sí ìwọ̀n ojú fóònù, ẹ ya ojú kọ̀ọ̀kan sórí ọ̀kan. Ẹnì kan nínú yín ni "fóònù", tó ń pààrọ̀ bébà bí ìka bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kejì ń kọ̀wé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fún oníṣòwò gbọ́dọ̀ ti inú ìwé tirẹ̀ wá: "Ẹni yìí mú 1,500 wá lánàá, ẹ kọ ọ́." Ibi tí ìka rẹ̀ kọ́kọ́ lọ ni kẹ́ ẹ kọ, ibi tó ti dákẹ́ pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè ka ọ̀rọ̀ ló mọ nọ́mbà dáadáa torí owó. Ẹ ya nọ́mbà ní ńlá. Àwòrán ní tirẹ̀, ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: "kí lẹ rò pé èyí ń ṣe?" Èyí tí ẹni 8 nínú 10 kò bá mọ̀, ẹ yọ ọ́. Àpótí ìdalẹ̀nù àti ọfà tó yí po kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò lo kọ̀ǹpútà rí. Fún orúkọ oníbàárà, ohùn olówò fúnra rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì sàn ju fọ́tò lọ. Kì í gba àyè púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bínú pé wọ́n ya òun.

Òǹwòye:
Ohun kan wà tí wọn kò ní sọ fún yín bí ẹ kò bá béèrè: ta ni kò gbọ́dọ̀ rí i? Oníbàárà tó dúró níwájú lè rí gbèsè aládùúgbò rẹ̀ lójú fóònù. Ọmọ tó fẹ́ gbá géèmù lórí fóònù kan náà lè rí i. Ẹni tó ń gba owó orí àti ẹni tó ń yáni lówó náà wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, níbi tí etí kejì kò sí. Bẹ́ ẹ bá fi PIN sí áàpù lódindi, wọ́n máa pa á tì nígbà tí èrò bá pọ̀, tàbí kí wọ́n kọ PIN sẹ́yìn fóònù. Ẹ fi sí àkójọ gbèsè àti àròpọ̀ nìkan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kíkọ àwìn tuntun ṣí sílẹ̀.

OníKóòdù:
Ó yé mi yékéyéké. Ó ku ohun méjì. Àjọ náà fẹ́ máa rí iye tí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ń tà lójoojúmọ́ lórí sáfà wọn, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn oníṣòwò fọwọ́ sí ìwé tá a bá kọ. Báwo lẹni tí kò mọ̀wé ṣe máa fọwọ́ sí ìwé olójú ewé 30? Mo sì gbàgbé: àwọn kan ń béèrè ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì.

Ìwé-Gbèsè:
Ẹ fi òpó "ta ló béèrè rẹ̀" sí ìwé náà. Ohun tí àjọ béèrè wà lọ́tọ̀, ti oníṣòwò lọ́tọ̀. Níwájú gbogbo ohun tí àjọ béèrè, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó máa fi kún iṣẹ́ oníṣòwò lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa fi iye náà ṣe. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ìròyìn ìparí ọdún, àròpọ̀ oṣooṣù láti ọ̀dọ̀ ẹni tó yọ̀ǹda tó.

Ti ìfọwọ́sí: ẹ sọ ìwé náà di ìṣẹ̀lẹ̀ márùn-ún tẹ́ ẹ máa ṣe lójú wọn pẹ̀lú bébà. Ẹnì kan gbé àwìn. Ẹnì kan san díẹ̀. Ẹnì kan jiyàn pé òun ti san. Fóònù sọnù. Àjọ kógbá wọlé. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí àwọn ni kí wọ́n ṣàlàyé padà fún yín ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí àlàyé wọn bá ti yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ kọ, ìwé yín lẹ máa tún ṣe. Ìṣẹ̀lẹ̀ karùn-ún ni àwọn àjọ kì í fẹ́ gbọ́, àmọ́ ẹ kọ ọ́ ní ohun-tí-kò-ṣeé-fò: bí sáfà bá kú títí láé, áàpù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ, oníṣòwò sì gbọ́dọ̀ lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde sínú fáìlì CSV (tábìlì lásán tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣí) lórí káàdì ìpamọ́.

Bàbá Dátábéèsì:
Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń béèrè, oníṣòwò ni àbí oníbàárà rẹ̀. Bébà 58 mm ni èyí tó wọ́pọ̀, nǹkan bíi lẹ́tà 32 ló sì ń wà lórí ìlà kan, nítorí náà orúkọ ọjà gígùn máa gé. Àwọn àtòjọ lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà ní ẹ, ọ, ṣ. Àmì ìbéèrè tàbí àmì játijàti ló máa tẹ̀ jáde. Ẹ sọ rìsíìtì náà di àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àmì-tótó 384 kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí i. Bébà rẹ̀ máa ń ṣá nínú oòrùn àti ooru, nítorí náà kò lè jẹ́ ẹ̀rí gbèsè olóṣù mẹ́fà. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé níbo ni wọ́n ti máa rí bébà òmíràn rà bí èyí tó bá a wá bá tán.